Lẹ́tà Mẹ́rin Lójú Afárá

Obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe di ẹ̀bi géèmù tó kùnà ru ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì fi ìwọ̀nba ìríran tó kù fún un ṣe àtúnṣe ohun tí kò bàjẹ́.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bímọ kankan. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: tábìlì gígùn kan, fáànù tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju atẹ́gùn rẹ̀ lọ, àti àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti tú inú wọn síta bí ẹja tí wọ́n fẹ́ dín. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ níṣẹ́. Ó tú u, ó tò ó, ó kọ̀, ó tún tú u, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Kì í fi ṣúgà sọ́rọ̀. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ti kú, "Ó ti kú, lọ ra òmíràn" ni wàá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Bó bá sọ pé nǹkan bàjẹ́, ó bàjẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Oníbúrọ́ọ̀ṣì, iṣẹ́ pátákó ló ń ṣe. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, sára ọkọ̀ akẹ́rù, sára ògiri ilé ìwé, pẹ̀lú ọ̀dà àti ọwọ́ lásán, kí àwọn onípátákó ọ̀rá tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn dé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tí kì í gbà ni kí wọ́n ní kó fo àmì orí lẹ́tà. Oníṣòwò kan tó ń ta ọkọ́ àti àdá fi dandan mú un nígbà kan pé àmì ń jẹ ọ̀dà, kó yọ ọ́. Oníbúrọ́ọ̀ṣì kò bá a jiyàn. Ó kọ OKO TUNTUN TI DE gàdàgbà síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, obìnrin mẹ́ta ti yà síbẹ̀ láti béèrè bóyá wọ́n ń gba ọkọ tó ti gbó ṣe pàṣípààrọ̀. Oníṣòwò náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fi àmì sí i.

Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí wà lọ́mọdé, páàdì kan ṣoṣo ni wọ́n ní láti fi gbá géèmù. Ẹ̀gbọ́n á di apá òsì mú, òun ló ń darí. Àbúrò á di apá ọ̀tún mú, òun ló ń fò, òun ló ń yìnbọn. Bí ọ̀tá bá pa wọ́n, ariwo á sọ: "Ìwọ lo ò tètè fò!" "Ẹ̀yin lẹ sáré jù!" Ọ̀rọ̀ géèmù kò kúrò lọ́kàn wọn títí irun ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pinnu láti ṣe tiwọn, irú ti àtijọ́ gan-an: róbọ́ọ̀tì kan tó ń fò láti orí pèpéle dé orí pèpéle, tó ń ta nọ́ọ̀tì irin lu ọ̀tá, tó sì jẹ́ pé bó bá já bọ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ló ń padà sí.

Irin-ń-rìn ni wọ́n sọ róbọ́ọ̀tì náà. Wọ́n ti dà á nù sórí ààtàn, ó jí, ó ń wá ọ̀nà padà sí ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́. Ìdajì àkọ́kọ́, ààtàn ni, ihò ìdọ̀tí ni, páìpù tó ti dípẹtà ni. Àwọ̀ eérú ni Oníbúrọ́ọ̀ṣì fi ya gbogbo rẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Lẹ́yìn náà ni afárá. Òdìkejì afárá ni ìlú wà, ibẹ̀ ni àwọ̀ ti máa kọlu ojú ẹni lẹ́ẹ̀kan náà: òpópónà mẹ́jọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ló ní pátákó, kò sì sí pátákó kan níbẹ̀ tí kì í ṣe èyí tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ rí, tí àwọn onípátákó ọ̀rá ti yọ dànù. Ẹyọ-ẹyọ ló ń to àwọ̀ náà bí ẹni ń to bíríkì, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ ló kó síbẹ̀.

Ọdún kẹta yẹn ni dókítà ojú sọ fún un pé ìríran rẹ̀ ń lọ, àti pé kò sóògùn tó lè dá a padà.

"Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan lẹ máa mọ̀ yàtọ̀," ni dókítà wí. "Bàbá, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí, ẹ tètè lọ rí i."

Oníbúrọ́ọ̀ṣì mọ ohun tó fẹ́ rí. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nọ́ọ̀sì, ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì, ó sì ti lóyún.

"Géèmù á jáde, ọmọ á dé, èmi náà á wọ ọkọ̀," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Mo fẹ́ rí ojú ọmọ yẹn kí tèmi tó kú."

Ìjà kan ṣoṣo tí wọ́n jà lórí géèmù náà, lórí pátákó ni. Tí ènìyàn bá wo afárá yẹn, á rò pé ó ti já. Àfi bí Irin-ń-rìn bá gbẹ́sẹ̀ lé òfuurufú ni pákó yóò tó yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní dá a láṣà, torí ẹni tó bá já bọ́, orí ààtàn ló ń padà sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ní kí wọ́n fi pátákó síbẹ̀ láti kì í láyà: MÁA LỌ. Ṣùgbọ́n àyè márùn-ún péré ló wà lára pátákó, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ sì ti gba ọ̀kan nínú rẹ̀.

"Ẹ yọ A kan, ẹ fo àmì," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí.

"Kí n yọ A, kí n tún yọ àmì?"

"Lẹ́tà yẹn kéré, Bọ̀ọ̀dá. Bí ẹ bá fi àmì lé e, ṣe ló máa dà bíi pé eṣinṣin bà lé e. Àwọn pátákó tí mo kọ ṣáájú kò kúkú ní àmì."

"Jẹ́ kí n fẹ pátákó náà lójú."

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èdè á mọ ohun tí à ń sọ. Bí mo bá fi fóònù kọ 'ma bo' ránṣẹ́ sí yín, ṣé ẹ máa ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ wá ni àbí kẹ́ ẹ má wá?"

Oníbúrọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sílẹ̀. MA LO ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Géèmù jáde, ọmọ dé, ọ̀sẹ̀ kan náà ni méjèèjì bọ́ sí. Obìnrin lọmọ. Nọ́ọ̀sì fi fọ́tò ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò gbà kí wọ́n fi hàn òun.

"Ẹ gbé e kúrò lójú mi," ló wí. "Mo mọ ara mi. Bí mo bá ti rí fọ́tò, màá ní mo ti rí i, ẹsẹ̀ mi á wúwo. Ojú ló máa rí ojú."

Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò. Àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó gbá géèmù.

"Eérú, eérú, eérú," ni ẹnì kan kọ. "Ṣé ọ̀dà tán ní ṣọ́ọ̀bù ni?" Òmíràn ní òun retí títí, ó sú òun, róbọ́ọ̀tì rìn jìnnà, ó kàn lọ jókòó sínú àgọ́. Àgọ́ ìsinmi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá lóòótọ́. Òmíràn tún béèrè bóyá oorun ló gbé àwọn tó ṣe géèmù náà lọ lágbedeméjì. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Wọ́n lé wa padà lójú afárá." Ìyá Kọ̀ǹpútà ka ìyẹn, ó rò pé jíjábọ́ ni onítọ̀hún ń sọ, ó kọjá lọ.

Ó ní ibì kan nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń fi ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan dé hàn. Ó wò ó. Nínú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn, méjì péré ló kọjá afárá, àwọn yẹn kò sì kọ nǹkan kan. Ó bá rò ó bó ṣe máa ń ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ: ibi tí nǹkan ti dúró, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló dá a dúró. Kí ló ṣáájú afárá? Eérú.

Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní purọ́ fún yín."

"Ìgbà wo lo purọ́ fún mi rí?"

"Àwòrán yín ló pa á. Eérú yẹn pọ̀ jù. Ó ti sú àwọn ènìyàn kí wọ́n tó dé ibi tó dáa."

Oníbúrọ́ọ̀ṣì wo àpò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. "Ẹ̀rọ rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, ènìyàn ló sọ ọ́, èmi náà ń sọ ọ́."

"Ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

"Ẹ tún ìdajì àkọ́kọ́ kùn ná. Ẹ fi pupa sí i, ẹ fi yẹ́lò sí i, kó lè ta sójú. Oṣù kan péré ni. Ọmọ ò ní sá lọ."

Ì bá ṣe ẹlòmíràn ló sọ ọ́, Oníbúrọ́ọ̀ṣì ì bá ti gbé àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ ló sọ ọ́. Ó gbé àpò padà sí yàrá.

Oṣù kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Iṣẹ́ tí ì bá ṣe ní ọjọ́ kan ti ń gba ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó fi awò ńlá kan sójú ọ̀tún, ó di ojú òsì. Ó ń ṣi àwọ̀ ewé mú fún pupa, àbúrò rẹ̀ a sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, a ní, "Kì í ṣe ìyẹn, Bọ̀ọ̀dá, èyí tó wà lápá ọ̀tún." Nọ́ọ̀sì a máa pè.

"Bàámi, ó ti ń jókòó o."

"Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Bàámi, ó ti yọ eyín kan."

"Ó ku díẹ̀. Bá mi dì í mú, kó má tíì yọ ìyókù."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín mọ́ sí irú àwàdà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje, ó ku òkìtì ààtàn kan ṣoṣo. Ìyá Kọ̀ǹpútà wọlé ní ọ̀sán gangan, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, tó ń to pupa, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ètè rẹ̀ fún pọ̀ bí ìgbà tó bá ń kọ lẹ́tà ńlá. Okùn iná ti yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ojú kọ̀ǹpútà náà dúdú kirikiri. Kò sí ẹni tó mọ ìgbà tí okùn náà ti yọ.

"Ṣé ó ti kún dé etí?" ni Oníbúrọ́ọ̀ṣì béèrè.

Ìyá Kọ̀ǹpútà ní ó ti kún. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún un nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, Oníbúrọ́ọ̀ṣì kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá pè, "Kí ni mo fẹ́ wá wò?" ló máa ń sọ, á gbé fóònù fún ẹni tó wà nítòsí. Ohun tó kù tó ń béèrè ni bí géèmù tuntun ṣe ń rìn. Àbúrò rẹ̀ gbé e jáde pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Èsì dé. "Àwọ̀ ti wà," ni wọ́n kọ, "ṣùgbọ́n ibi tó parí sí náà ló ṣì parí sí." Kò sí ẹni tó kọjá afárá.

Bẹ́ẹ̀ ló rí títí Télọ̀ fi wá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti Ìyá Kọ̀ǹpútà jọ fara ti ògiri kan náà ni. Fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi, ó sì ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé géèmù fún un kí ẹnu rẹ̀ lè sinmi. Ẹnu náà kò sinmi. Ó bú róbọ́ọ̀tì, ó kí i, ó kígbe, ó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó na ara.

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ó ti parí o!"

"Kí ló parí?"

"Géèmù yín. Bàbá Onírin ti lọ jókòó sínú àgọ́. Ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó kúrú bíi ṣòkòtò tí wọ́n rán láìwọn oníbàárà."

"Kò tíì parí. Afárá ló wà níwájú rẹ yẹn."

"Mo rí i."

"Gbà á kọjá, nígbà náà."

"Wọ́n ní kí n má lọ."

Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ní kó o má lọ?"

"Ẹ wo obìnrin yìí! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́." Télọ̀ fi ìka tẹ pátákó náà. "Má lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tẹ́ ẹ kọ MA FO sábẹ́ àjà onírin ṣóńṣó yẹn, mo ṣorí kunkun, mo fò, ó gún mi pa. Mo ti gbọ́n. Wọ́n ní kí n má fò, mi ò fò. Wọ́n ní kí n má lọ, mi ò lọ. Ìyá mi kò bí aláìgbọràn."

Ìyá Kọ̀ǹpútà wá síwájú kọ̀ǹpútà. Ó wo lẹ́tà mẹ́rin náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ MA FO. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gbogbo ènìyàn pé "má" ni MA, tó sì pa ẹnikẹ́ni tó bá ṣàìgbọràn, kó tó wá kọ MA sójú afárá, kó sì retí kí wọ́n kà á sí ohun mìíràn. Ọ̀rọ̀ tó ti rí ní ìgbà àìmọye, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á ni.

"Kí ló dé?" ni Télọ̀ wí. "Ṣé mo bà á jẹ́ ni?"

"O ò ba nǹkan kan jẹ́."

Ó fẹ pátákó náà lójú, ó fi A kejì sí i, ó fi àmì sí i. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí Télọ̀ padà jókòó. Télọ̀ ka pátákó, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n, ẹ ti yí ọkàn padà," ó gbẹ́sẹ̀ lé òfuurufú. Pákó yọ. Òmíràn yọ. Ìlú là sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Télọ̀ kò sọ̀rọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, kò sọ̀rọ̀ rárá. Ó ń rìn lọ lójú òpópónà, ó ń ka pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ya ẹ̀rọ ìránṣọ sí, tí òwú inú abẹ́rẹ́ rẹ̀ di lẹ́tà orúkọ.

"Pátákó ìyá mi rèé," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èyí tí wọ́n yọ kúrò ní ọdún tí ìyá mi kú. Níbo lẹ ti rí i? Ẹ wo abẹ́rẹ́ náà. Ẹ wò ó." Ó bú sẹ́kún, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Ẹ lọ pe Oníbúrọ́ọ̀ṣì wá, kó wá wo ojú mi. Ẹ sọ fún un kó wá wo ohun tó ṣe sí mi lójú."

Ìyá Kọ̀ǹpútà jáde, ó gba ilé Oníbúrọ́ọ̀ṣì lọ.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìjókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó kọjú sí oòrùn, torí oòrùn nìkan ló ṣì mọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, àwòrán yín kọ́."

"Àwòrán mi kọ́ kí ni?"

"Àwòrán yín kọ́ ló pa géèmù. Pátákó ojú afárá ni. 'Má lọ' ni wọ́n ń kà á, gbogbo wọn pátá. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ yọ A. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ yọ àmì. Èmi náà ni mo tún ní kẹ́ ẹ dúró."

Ó ń retí kó ní, "Ṣé mi ò sọ fún ọ?" Ìyẹn ì bá tù ú lára. Oníbúrọ́ọ̀ṣì kò sọ ọ́.

"Eérú tí mo kọ́kọ́ yà ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ó ṣì wà níbì kan?"

"Mo ti pa á rẹ́. Mo fi tuntun lé e lórí."

"Eérú yẹn dáa," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Mo mọ̀ pé ó dáa. Ìwọ lo ní kò dáa, mo wá rò pé ojú mi ló ti ń tàn mí jẹ."

Ó nawọ́, ó wá ejìká rẹ̀ kàn, ó fi ìyẹn dìde. "Lọ bi wọ́n ní ibùdókọ̀, ìgbà wo lọkọ̀ ń lọ."

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi rìn ín. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ọmọ ti di oṣù mẹ́sàn-án, ara rẹ̀ ti le, kò sì bẹ̀rù àjèjì. Oníbúrọ́ọ̀ṣì fi àtàǹpàkò wọ́ ọ níwájú orí, ó wọ́ ọ nímú, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá ọ̀dà ti gbẹ. Ọmọ gba àtàǹpàkò náà mú, ó kì í bọ ẹnu.

"Ta ló jọ?"

Nọ́ọ̀sì ti kọjú sí ògiri. Ó ku Ìyá Kọ̀ǹpútà.

"Ó jọ yín."

"Níbo?"

"Iwájú orí. Àti ẹnu."

"Báwo lẹnu ṣe rí?"

"Ó rí bí ẹnu, Bọ̀ọ̀dá."

"Sọ ọ́ fún mi dáadáa. Ìwọ kì í purọ́."

Ó gbìyànjú. Ó ní ètè òkè rẹ̀ gbé sókè díẹ̀. Ó ní ojú rẹ̀ tóbi, ó dúdú, ó ń wò yín báyìí. Ó ní etí kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó di ojú ọmọ nínú rẹ̀. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ń mi orí sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró de ìyókù, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu àbúrò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fa Ìyá Kọ̀ǹpútà lọ sí ilé ìdáná.

"Àǹtí, oṣù mẹ́sàn-án. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Kí ni Bàámi ń ṣe níbẹ̀ tí wọn ò fi wá?"

"Wọ́n ń kun ààtàn," ni Ìyá Kọ̀ǹpútà wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún."

Oníbúrọ́ọ̀ṣì kò rí ojú ọmọ náà, kò sì ní rí i. Ohun tó rí kẹ́yìn láyé ni òkìtì ìdọ̀tí kan nínú géèmù, tó ń fi pupa kùn.